Àgbà Tí Kò Ní Àkísà

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ tó bá ń gbéra ga ni wọ́n máa ń pa òwe yìí fún, òwe náà sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bọ̀ kí ayé tó dojú rú. Lónìí, ẹ yà sílé ìyá ìkókó èyíkéyìí láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́: ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta ti láṣọ ju bàbá rẹ̀ lọ. Ìyá àgbà tó wá bá wọn wẹ ọmọ ń tú gbogbo yàrá, ó ń wá àkísà kan péré tí yóò fi nu ẹnu ọmọ. Kò rí. Ọmọ láṣọ, àgbà ò ní àkísà.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ló gbòde. Àwọn abiyamọ ìwòyí ní àwọn á máa fọwọ́ ara àwọn ṣe nǹkan ọ̀ṣọ́ ọmọ nílé, láì sí ẹ̀rọ ìránṣọ, láì ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mi ò bá wọn jà. Owó télọ̀ kì í ṣe kékeré. Àmọ́ ẹ bá mi wo ètò náà. Wọ́n á kọ́kọ́ sanwó kíláàsì orí WhatsApp. Wọ́n á ra gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi iná yọ́, pẹ̀lú ìbọn tí wọ́n fi ń yìn ín. NẸ́PÀ á mú iná lọ, wọ́n á bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Wọ́n á ra ankara tuntun, wọ́n á rẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́. Ó ku òdòdó oníke, ìlẹ̀kẹ̀ oníke àti rọ́bà. Ohun tí yóò jáde nínú gbogbo ìnáwó yìí ni ọ̀já orí kan tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, tí òdòdó kan jókòó gẹlẹtẹ síwájú rẹ̀ bí olóyè tó ń retí kí wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ fún òun. Orí tí wọ́n á sì dè é mọ́ kò tíì hu irun. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbé e sórí Facebook, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn fowó pamọ́.

Irú ọ̀já bẹ́ẹ̀ wà lórí ọmọ níbi ìkómọ kan tí mo lọ ní Ìkòyí-Ilé, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire. Ọmọ ké títí. Wọ́n fún un lọ́mú, ó kọ̀. Wọ́n ní inú ló ń run ún, ẹnì kan tilẹ̀ ti dìde pé òun ń lọ ra oògùn. Ìyá bàbá ọmọ ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó ki ìka bọ abẹ́ rọ́bà, ó bọ́ ọ kúrò. Ojú rọ́bà ti wọ iwájú orí ọmọ pinpin. Ooru ti dẹ gọ́ọ̀mù, ìlẹ̀kẹ̀ kan ti já, ó há sábẹ́ àgbọ̀n ọmọ, díẹ̀ ló kù kó dé ẹnu.

“Ìyàwó, fún mi ní àkísà.”

“Màámi, a ò ní àkísà o. Ẹ jọ̀ọ́, wipes wà nínú báàgì yẹn.”

Ìyá náà ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fa àpò tirẹ̀ mọ́ra, ó yọ ìró àdìrẹ kan tó ti ṣá. Ó fi eyín gé etí rẹ̀ bíńtín, ó dì í mú lọ́tùn-ún lósì, ó fà á: fààà! Aṣọ ya láti òkè délẹ̀, kò wọ́ síhìn-ín, kò wọ́ sọ́hùn-ún. Fọ́nrán òwú ni aṣọ òwú máa ń tọ̀ tó bá ń ya, ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ya kò fi ní wá àlùmọ́gàjí. Ó ya á sí mẹ́rin, ó fi ọ̀kan nu ọmọ lẹ́nu, ó ká ọ̀kan sábẹ́ ọrùn rẹ̀ kó máa gba itọ́. Ọmọ dákẹ́. Nǹkan ọmọ mẹ́rin ti jáde láì ránṣọ, ìyá àgbà ò sì san kọ́bọ̀ fún olùkọ́ kankan.

Kì í ṣe gbogbo aṣọ ló ń di àkísà o. Aṣọ òwú tí wọ́n ti fọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ń rọ̀, òun ló ń mumi. Púpọ̀ nínú aṣọ ẹbí tí à ń fi owó oṣù rà báyìí, pọ́líẹ́sítà ni, ọmọ ìyá ike. Ẹ fi nu itọ́ ọmọ wò: itọ́ á kàn máa yí kiri lórí rẹ̀ ni. A ti náwó lóde títí, àpótí kún dẹ́nu, kò sì sí ohun tó wúlò fún ìkókó nínú rẹ̀.

Ti ìlédìí tún burú ju ìyẹn lọ. Ọdún 1961 ni ilé iṣẹ́ Procter & Gamble gbé Pampers jáde ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, wọ́n ń ṣe é ní Ìbàdàn níbí, àwọn ìyá wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlédìí aláṣọ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ohun ará oko ni. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2023, ilé iṣẹ́ náà kéde pé àwọn ò ní máa ṣe ọjà àwọn ní Nàìjíríà mọ́, wọ́n á kàn máa kó o wọlé láti òkèèrè ni. Náírà náà sì ti já wálẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹni tó ń fi ìlédìí rẹ́rìn-ín ti wá ń béèrè bí wọ́n ṣe ń ká a. Ta ló lọ bi? Olùkọ́ orí fóònù. Wọ́n ń fi táwẹ́ẹ̀lì tuntun kọ́ ọ, ìyá ọkọ rẹ̀ sì wà ní pálọ̀, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ọ̀já ìpọnmọ. Nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Ann Moore, bá Peace Corps ṣiṣẹ́ ní Tógò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ó rí bí àwọn ìyá ibẹ̀ ṣe ń pọnmọ, tí ara ọmọ á balẹ̀. Nígbà tó padà sílé tó bímọ tirẹ̀, ó fi aṣọ pọ̀n ọ́n, ọmọ ń yọ̀ bọ́. Ló bá ní kí ìyá òun bá òun rán àpò kan tí ọmọ á lè jókòó sí. Bí Snugli ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìjọba Amẹ́ríkà sì fún un ní ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1969. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: àìmọ̀ọ́so ló sọ ọ́ di rírán. Ìwọ ọmọ Ìkòyí tí ìyá rẹ mọ̀ ọ́n so, o wá ń fi owó gọbọi ra àpò oníbọ́kúlù. Àwọn òyìnbó ẹ̀wẹ̀ ti padà sídìí aṣọ gbọọrọ, wọ́n ń wé ọmọ mọ́ra, wọ́n ń kọ́ ara wọn pé ohun tuntun dé tí kò nílò abẹ́rẹ́. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, àwọn jagunjagun tí gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ̀ pé wọn kì í gbọfà lẹ́yìn, ẹ̀yìn ìyá ni gbogbo wọn ti dàgbà, aṣọ kan, ọ̀já kan.

Mo tún rí bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun tí wọ́n gé etí rẹ̀ jálajàla, tí wọ́n ta á ní kókó yíká. Ó rẹwà, mi ò purọ́. Àmọ́ nínú ooru oṣù Kẹta ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ta lẹ fẹ́ sè? Àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà gan-an ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi bùláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìkókó tó ń sùn.

Ẹni tí ọwọ́ bá ṣì ń yún, kó mú tíṣẹ́ẹ̀tì bàbá ọmọ tó ti gbó, kó gé bíbù láti àyà rẹ̀, kó fi etí méjì sílẹ̀ tí yóò so lẹ́yìn ọrùn. Tíṣẹ́ẹ̀tì kì í tú létí bí ankara. Kó tú bíbù náà tí ọmọ bá fẹ́ sùn.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ dákun, ẹ yẹ àpótí yín wò. Ìró òwú tó bá ti ṣá níbẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ya á, ẹ kó o fún ìyàwó yín, kí ẹ sì sọ fún un pé kó máa lọ̀ ọ́ kó tó fi kan ọmọ lára. Eṣinṣin kan wà tó máa ń yé sára aṣọ tútù tí a sá síbòòji. Ìdin rẹ̀ á wọ inú awọ ọmọ, ibẹ̀ á wú, á di éèwo. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló ń pa ẹyin rẹ̀.