Mo Bá Ẹbí Mi Wá Baba Ńlá Dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Orúkọ òyìnbó ni ìdílé wa ń jẹ́. N kò ní kọ ọ́ síbí, nítorí láti Sátidé tó kọjá ni ẹbí ti fòfin dè mí pé n kò gbọdọ̀ fi orúkọ náà ṣèwádìí kankan mọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó gùn, àti pé gbogbo tíṣà tó kọ́ mi ló ní bí tirẹ̀ ṣe ń pè é.

Ọ̀rọ̀ náà kò le níbẹ̀rẹ̀. Bàbá wa àgbà, olórí ẹbí, ń múra ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì ní kí èmi akọ̀wé kọ ìtàn ìdílé sójú ewé méjì péré, kí a lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ètò. Ojú ewé méjì! Ẹni tórí rẹ̀ pé á wọ takisí Máíkírà ní Oríta Challenge, n'Ìbàdàn níbí, á sọ̀ ní Mọ̀létè, á jókòó ti Ìyá Àgbà, á tan fóònù, á ní, "Ẹ máa sọ ọ́ lọ, mà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ní rárá, ìtàn ẹnu lásán kò tó fún orúkọ tó tóbi tó tiwa. Google ni mo lọ bá.

Google kò dójú tì mí. Ó gbé ìdílé kan jáde ní Norfolk, níhà ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ wa gẹ́lẹ́ láàárín ọdún 1700 sí 1800. Àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní gentry ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọba, wọn kì í ṣe lọ́ọ̀dù. Onílẹ̀ ni wọ́n, àgbẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn, àwọn kì í fọwọ́ kan ọkọ́. Àkọ́bí á jogún ilẹ̀, àwọn àbúrò á di àlùfáà tàbí agbẹjọ́rò, tàbí kí wọ́n wọṣẹ́ ológun. Mo kà á tán, mo wo ara mi nínú dígí, mo rí i pé imú mi tiẹ̀ tọ́ díẹ̀.

N ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà o, ẹ má bínú, mo ti nawó lé e lórí. Ní 1538 ni Thomas Cromwell, tó ń bá Ọba Henry Kẹjọ ṣiṣẹ́, pàṣẹ pé kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí wọn ó máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí. Òfin Lord Hardwicke ti 1753 wá mú kí tọkọtaya máa buwọ́ lùwé níwájú ẹlẹ́rìí. Ní 1837 ni ìjọba fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Ẹni tó bá ní dúkìá, ìwé ìpíngún rẹ̀ wà nípamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wá ìran rẹ̀ láìtan ara rẹ̀ jẹ, ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀: á fi ìwé mú bàbá rẹ̀, á fi ìwé mú bàbá bàbá rẹ̀, á máa lọ sẹ́yìn ní ìran kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ fo ẹnikẹ́ni.

Èmi bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mo mú ọlọ́lá Norfolk, mo ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ bọ̀ nílẹ̀, ó ń dùn mọ́ mi. Nígbà tí ìwé tán lọ́wọ́ mi ní 1763, mo fa ìlà gígé-gígé kan kúrò lábẹ́ ẹni tó gbẹ̀yìn, mo gbé e gba orí òkun, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí Ìbàdàn. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà pé: "Ọmọ kan tó lọ sójú òkun." Ta ló máa bi mí?

Lẹ́yìn náà ni mo ra kìnnìún. Àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń ta àmì ìdílé: asà aláwọ̀ pupa, kìnnìún tó na ẹsẹ̀ iwájú sókè, orúkọ wa lábẹ́ rẹ̀ lára rìbọ́ọ̀nù. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ báńnà ní Challenge, mo ní kí wọ́n ṣe é ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin. Àwòrán náà kéré, ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà sì fà á títí ó fi kún báńnà. Ìbàdí kìnnìún gbòòrò, ikùn rẹ̀ wá sílẹ̀, ó dà bí ewúrẹ́ tó lóyún. Mo ní kò burú, ọlá ni. Mo tún ní kí wọ́n rán kìnnìún náà sára fìlà fún gbogbo ọkùnrin ilé, owó àpò ẹbí sì ni mo fi sanwó.

Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀ níbí. Kò sí àmì ìdílé kankan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ti orúkọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi í fún, àwọn tó ti inú ìran rẹ̀ wá níhà bàbá ló sì ń jogún rẹ̀. College of Arms tó ń bójú tó o ní Lọ́ńdọ̀nù ti wà láti 1484, wọn kò sì yéé sọ ọ́. Àwọn tó tà á fún mi mọ̀ dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátápátá ní lẹ́tà wínníwínní pé ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ẹni tó bá ń ta irọ́, tó wá fi òótọ́ pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ọlọ́pàá má baà mú un, olè ni.

Ó di Sátidé. Ìpàdé ẹbí wà nílé bàbá wa àgbà, lẹ́bàá Ring Road níbẹ̀. Kánópì ti dúró, wọ́n ti ń ro àmàlà lẹ́yìnkùlé, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Birmingham wà lórí WhatsApp, wọ́n gbé fóònù ti ìgò mínírà kí ó lè máa wò wá. Bí mo ṣe tan ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri báyìí, wọ́n mú iná. A fa jẹnẹrétọ̀. Mo gun orí bẹ́ǹṣì, fìlà kìnnìún lórí mi, mo tú báńnà sílẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́! Mo búra pé wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n purọ́ fún yín lẹ́yìn náà.

Mo ń ka ìran wa lọ. Mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbẹ̀yìn. Iwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé tí mo ti kọ́kọ́ rí i, lẹ́tà mẹ́ta kéékèèké wà níbẹ̀: d.s.p. Èmi ló sọ wọ́n di ńlá, mo ní ó yẹ kí ipò ọ̀gá ọlọ́pàá hàn. Mo gbóhùn sókè: "Baba ńlá wa yìí, D.S.P. ni wọ́n kí wọ́n tó kú ní 1763!"

Bọ̀dá wa kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ínsípẹ́kítọ̀ ni wọ́n fi í sí títí tó fi kúrò, ó sì ń dùn ún dòní. Ó dìde gbọnrangandan, ó so ẹsẹ̀ pọ̀, ó kí ara ògiri bí ọlọ́pàá ṣe ń kí ọ̀gá. Omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Mo mọ̀," ó ní, "mo mọ̀ pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa!"

Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà ni, màá ti di akọni. Ṣùgbọ́n bàbá wa kan, hẹdimáásítà tó ti fẹ̀yìn tì, ti yọ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún.

"Akọ̀wé," wọ́n ní, "ìlà tó ń já lọ yẹn ńkọ́? Kí ló dé tí kò dúró ṣinṣin bíi ti yòókù?"

Mo ní òkun ni, sà.

"Ọmọ tó lọ sójú òkun náà, kí lorúkọ rẹ̀?"

Mo ní ìwádìí ń lọ lọ́wọ́.

"Ó dáa. Ọmọ tó wà lápá òsì yìí, o kọ ọ́ pé wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní Júùnù 1741, o sì kọ ọ́ pé wọ́n sin ín ní Fẹ́búárì 1741. Wọ́n kọ́kọ́ sin ín ná, wọ́n wá ṣèrìbọmi fún òkú?"

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé àbíkú òyìnbó ni. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọjọ́ inú ìwé yẹn kì í ṣe irọ́! Kí ọdún 1752 tó dé, 25 Oṣù Kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé òfin àti ti ṣọ́ọ̀ṣì, Fẹ́búárì 1741 wọn sì wá lẹ́yìn Júùnù 1741. Oṣù mẹ́jọ ni ọmọ náà lò láyé. Ní 1752 yẹn kan náà, wọ́n yọ ọjọ́ 11 kúrò nínú kàlẹ́ńdà: wọ́n sùn ní 2 Sẹ̀tẹ́ńbà, wọ́n jí ní 14. Ìdáhùn tó gún régé ni. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó rí i kà, nígbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohùn mi mọ́. Níbi tí mo wà lórí bẹ́ǹṣì, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé àṣà wọn yàtọ̀ sí tiwa.

Hẹdimáásítà kò tíì tán. "1829 ni Robert Peel dá ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀. Mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì. D.S.P. ibo ni ti 1763?"

Bọ̀dá ínsípẹ́kítọ̀ rọra jókòó. Ìgbà yẹn ni ohùn kan jáde láti ẹ̀gbẹ́ ìgò mínírà. Nọ́ọ̀sì wa ti wá a lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "Látìn ni. *Decessit sine prole*. Wọ́n ní ẹni náà kú láìbímọ ni."

Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń dún. Mo gbé ojú mi sókè, mo wo ògiri: ọkùnrin tí kò bímọ, ìlà gígé-gígé mi sì ń jáde lábẹ́ rẹ̀ gbọọrọ, ó ń bọ̀ wá sí Ìbàdàn.

Olórí ẹbí ló sọ̀rọ̀, ohùn wọn tutù. "Nínú gbogbo àwọn tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò bí ẹnikẹ́ni lo lọ mú wá pé ó bí wa?"

Ẹ̀yin ará, ojú tì mí. Ẹlẹ́rìn-ín ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń ro àmàlà fi orógùn sílẹ̀ wọ́n wá wò mí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kékeré ń bi ìyá rẹ̀ léèrè pé ta ló fún ewúrẹ́ lóyún. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ǹṣì dà, báńnà sì bá mi lọ sílẹ̀, ó bò mí. Mo tilẹ̀ pẹ́ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí n tó jáde. Ara tù mí níbẹ̀.

Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí wọ́n ká báńnà náà kúrò, ó ń dí afẹ́fẹ́. Wọ́n wá ní, "Ẹni tí ẹ ń wá kiri yẹn, kì í ṣe baba wa. Ẹni tó sanwó ni."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ogun kó baba ńlá wa ní kékeré, nígbà tí Ọ̀yọ́ ń tú. Wọ́n tà á dé etí òkun. Ọkọ̀ ológun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú agbami, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí Freetown. Àwọn CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Gẹ̀ẹ́sì, kó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sí iléèwé. Ẹni tó bá wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń dá pọ́n-ùn 5 lọ́dún fún ìtọ́jú ọmọ kan, ó ní àǹfààní láti fún ọmọ náà lórúkọ. Ọ̀nà kan nìyẹn tí orúkọ òyìnbó gbà wọ ilé àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Freetown padà wálé. Àjàyí tí wọ́n kó ní Òṣoògùn ní 1821, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1822, gba orúkọ Samuel Crowther nígbà ìrìbọmi rẹ̀ ní 11 Oṣù Kejìlá 1825. Àlùfáà Christ Church, Newgate, ní Lọ́ńdọ̀nù ló ni orúkọ náà. Kò bí Àjàyí.

Ìyá Àgbà pe orúkọ tí ìyá baba ńlá wa sọ ọ́, wọ́n pe oríkì rẹ̀, wọ́n pe ìlú rẹ̀, wọ́n ní ọmọ Oníkòyí ni wá, wọ́n sì ki í títí tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín fi dákẹ́. Bọ̀dá ínsípẹ́kítọ̀ tún dìde. Ọmọ jagunjagun ni, ó ní òun mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Inú ń bí mi títí di òní yìí. Pọ́n-ùn márùn-ún! Ẹni tí kò rí ọmọ náà rí jókòó sílé rẹ̀, ó kọ orúkọ tirẹ̀ sínú lẹ́tà, wọ́n sì fi bo èyí tí ìyá ọmọ fún un. Èmi wá fi owó ẹbí ra kìnnìún láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn akọ̀wé Freetown, láti 1808, ti ń kọ orúkọ tí àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ń jẹ́ nílé sínú ìwé ńlá, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, bí wọ́n ṣe ga tó àti ilà ara wọn. Etí òyìnbó ni wọ́n fi gbọ́ ọ, nítorí náà ẹ ní láti pè é síta kí ẹ tó mọ̀ pé Yorùbá ni. Àwọn olùwádìí ti kó irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tó lé ní 90,000 jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n pe iṣẹ́ náà ní African Origins. Ìwé àwọn CMS fúnra wọn wà ní yunifásítì Birmingham, nínú ìlú tí nọ́ọ̀sì wa ń gbé. Èmi lọ sí Norfolk.

Ojú ewé méjì náà ti wà nílẹ̀ báyìí. Ìyá Àgbà ló sọ ọ́, èmi kàn tẹ̀ ẹ́ ni, hẹdimáásítà sì kà á lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn onítẹ̀wé. Wọ́n ní kí n dá owó báńnà àti ti fìlà padà sí àpò ẹbí kí oṣù yìí tó parí. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣòwò ewúrẹ́ ní Ìbàdàn, tó ń wá báńnà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin tí yóò fi kọ́ iwájú ìsọ̀, kó wá rí mi ní Challenge. Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ṣe é gé kúrò, n ó sì fi fìlà kan ṣe ènì.