Ta Ló Gbẹ́bọ Sẹ́nu Géètì?

Àdúgbò wa, Òkè Bọ́lá, kò mọ ìgbà ìwọ́wé. Lóṣù Ọ̀wàrà òjò ṣì ń rọ̀, ewé máńgòrò tutù yọ̀yọ̀, ọyẹ́ kò tíì dé. Ṣùgbọ́n ọmọ màdáámú tó ni iléèwé wa ń gbé ní Amẹ́ríkà, ó sì fi fọ́tò ránṣẹ́: àwọn ọmọ kéékèèké jókòó sáàárín elégédé, wọ́n ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìgbúnwọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Màdáámú ní kí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tèmi náà ṣe é. Èmi tí n kò gbẹ́ igbá rí, ká má tíì sọ elégédé, mo dáhùn pé, “Kékeré nìyẹn, mà.”

Mo gba Ọjà'ba lọ. Elégédé inú fọ́tò pọ́n wẹ̀, ó rí roboto. Tiwa fẹ̀ bàrà, àwọ̀ ewé ló ní, funfun ta sí i lára. Mo ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń yínmú sí i, títí ìyá tó ń tà á fi ní, “Àǹtí, ṣé ọsàn lẹ ń wá ni àbí elégédé?” Àwọn tó ń ra gbọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bú sẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá ìnáwó ni mo fẹ́ ṣe. Mo ní rárá, àwọn ọmọ fẹ́ fi ṣeré ni. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. “Ẹ fẹ́ fi oúnjẹ ṣeré? Ọmọ ilé ibo ni yín?”

Àwọ̀ yẹn ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Ọ̀dà kò ṣeé lò, nítorí ohun gbogbo ni ọmọ ọdún mẹ́ta ń fi ẹnu tọ́ wò. Ni mo bá fi epo pupa pa á lára. Ó pọ́n lóòótọ́. Aṣọ iléèwé gbogbo wọn náà pọ́n.

Ọ̀bẹ ìdáná kò ran èèpo rẹ̀. Àdá bàbá ọlọ́dẹ la fi là á. Nínú ìtàn Ifá, Olófin fún àwọn Odù ní elégédé, wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, Ọ̀bàrà ló gbà á sílé, owó àti ìlẹ̀kẹ̀ ló sì bá nínú rẹ̀. Tèmi kò ní nǹkan kan nínú ju okùn tó ń yọ̀ àti kóró lọ. “Àǹtí, ó ń yọ̀!” Ìdajì kíláàsì ń ké, ìdajì ń jẹ ẹ́. Ọmọ kan ti kóró bọ imú. Ìyá alásè wa ló gbà mí sílẹ̀: ó fìka di ihò imú kejì, ó ní, “Ó yá, fọnkun!” Kóró fò jáde, ó bà mí lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti kà pé àwọn ará Ireland ló kọ́kọ́ ń gbẹ́ ojú àti eyín sára turnip, tí wọ́n ń tan iná sínú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà ni wọ́n rí elégédé, tó tóbi jù ú lọ, tó sì rọrùn láti gbẹ́. Ni mo bá gbẹ́ ojú, mo gbẹ́ eyín, mo tan àbẹ́là, mo gbé e sẹ́nu géètì kí àwọn òbí lè rí i. Òjò ṣú, iná náà sì mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ìyá àgbà kan sọ̀ nínú ọkọ̀ Micra. Kò wọlé. “Ta ló gbẹ́bọ sẹ́nu géètì?”

Ẹ ò lè dá a lẹ́bi. Epo wà lára rẹ̀, iná wà nínú rẹ̀, oríta sì ni géètì wa wà. Àṣé ọmọ kan tún ti ju owó ẹyọ tí a fi ń kọ́ ìṣirò sínú rẹ̀. Èrò pé. Bàbá kan bẹ̀rẹ̀ àdúrà, òmíràn gbé fóònù sókè. Àdúgbò tí Awólọ́wọ̀ gbé rèé, ẹni tí ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955. Mi ò rò pé elégédé wà nínú ètò yẹn. Bàbá ọlọ́dẹ tó fàdá là á lówùúrọ̀ ní òun kò fọwọ́ kàn án. Kí n lè fi hàn pé kò ní nǹkan kan nínú, mo gé díẹ̀, mo sọ ọ́ sẹ́nu.

“Yéè! Ó ti jẹ ẹbọ!”

Ìyá alásè fi ìyókù se ọbẹ̀, ó sì dùn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó da ẹ̀gúsí tí wọn kò tíì bó sórí àtẹ fún àwọn ọmọ náà. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ìka kéékèèké ń ya èèpo, wọ́n ń kà á, wọ́n ń jí i jẹ. Nílùú Róòmù ní 1907, irú iṣẹ́ ilé báyìí ni Maria Montessori ń fún àwọn ọmọ ṣe, bíi ilẹ̀ gbígbá àti omi dídà. Ìyá alásè kò gbọ́ orúkọ obìnrin yẹn rí. Màdáámú ya fídíò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà.

Kérésì ń bọ̀ báyìí, yìnyín ló sì wà nínú fọ́tò tuntun. Màdáámú bi mí ohun tí a lè fi ṣe é. Mo ní kékeré nìyẹn, mà. Mo ti ra láfún.