Ìrù Ló Kù Sí Mi Lọ́wọ́

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Jámánì ló fi fọ́tò ẹranko kan ránṣẹ́, ó dúdú, ó ní tóótòòtó yẹ́lò lára, wọ́n ń pè é ní salamander. Mo ní, "Kí ló jọ ọ́ lójú níbẹ̀? Ó kún igbó Ìlaròó." Ó ní kí n fi tiwa ránṣẹ́. Wàhálà dé.

Mo tọ bàbá ọdẹ kan lọ nígbà òjò àrọ̀kúrò. "Kí lo fẹ́ pa, tíṣà?" Mo ní fọ́tò ni mo fẹ́ yà. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu, a sì wọgbó.

Lábẹ́ ewé tó ti ń jẹrà, nǹkan kan ń dán bí ìgò. Mo kígbe, "Òun nìyí!" mo fò mọ́ ọn. Ẹranko lọ, ìrù kù sí mi lọ́wọ́, ìrù náà sì ń ta pọ́nún-pọ́nún! Mo jù ú nù, mo ju fóònù náà mọ́ ọn, mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Bàbá fi ọ̀bẹ yí ìrù náà wò. "Ìpẹ́ rèé. Aláǹgbá igbó ni."

Ẹ̀yìn èyí ni mo tó ka ohun tó yẹ kí n ti kà: salamander kò ní ìpẹ́, ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ó wà ní Mòrókò àti Àlùjíríà lókè lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n láti Sàhárà wá sọ́dọ̀ wa, kò sí ẹyọ kan.

Nínú igbó lọ́jọ́ náà, ibi tí mo ti ń wá fóònù tí mo jù nù nilẹ̀ ti ṣú. Ni ajá bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, lókè igi! Ajá wo ló ń gungi? Mo sá kọjá bàbá tó gbé iná dání, ó di inú wèrèpè. Ẹni tí wèrèpè kò bá ta lára rí, kó máa dúpẹ́.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá. "Ọ̀wàwà mà ni, tíṣà!"

Ọ̀wàwà! Kò tóbi ju ehoro lọ, erin sì ni mọ̀lẹ́bí ẹ̀. Ọdún 2021 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John Oates àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ jáde pé èyí tó wà láàrin odò Volta àti odò Ọya, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Dendrohyrax interfluvialis. Ohùn wà lára ohun tó tú àṣírí rẹ̀: ti ibòmíràn ń han gooro, tiwa ń gbó. Àárín odò méjèèjì yẹn nilẹ̀ Yewa tiwa wà. Gbajúmọ̀ ẹranko wà lókè orí mi, èmi ń họra nísàlẹ̀.

Bàbá kò pa ìtàn náà mọ́ra. Bí mo bá ti yọ sí gárééjì Ìlaròó báyìí, àwọn ọlọ́kadà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.