Ẹ̀kọ́ fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Tọ́jú Eyín Lábẹ́ NHS

Ìwọ dókítà eyín tó wà ní England, tí o fẹ́ ti ọrùn bọ gbèsè kí ọdún tó yí po, súnmọ́ ibí. Kọ́kọ́ buwọ́ lu ìwé àdéhùn NHS, ètò ìlera ìjọba, láìkà á. Láyé àtijọ́, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀, àwọn kan wá ń ráhùn pé ìyẹn ń jẹ́ kí dókítà máa gbẹ́ eyín tí kò jẹrà. Lọ́dún 2006, wọ́n gbé UDA dé, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ dókítà eyín. Kí o yẹ ẹnu wò, UDA kan. Kí o dí ihò, mẹ́ta. Kí o ṣe eyín àtọwọ́dá, méjìlá, ìwọ lo sì máa san owó ẹni tó bá ọ rọ ọ́. Wọ́n á sọ iye UDA tí o gbọ́dọ̀ kó jọ lọ́dún, owó á sì máa wọlé lóṣooṣù kí o tó ṣiṣẹ́ tán. Tètè ná an.

Wàyí o, wá ẹni tí ẹnu rẹ̀ bàjẹ́ jù ládùúgbò. Ìyá kan la ẹnu, o rí ihò mẹ́fà, ọ̀kan ti dé iṣan. Má lé e. Fún un lábẹ́rẹ́, gbẹ́ ibi tó jẹrà, dí i, ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àti èyí tó tẹ̀lé e. Títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2022, UDA mẹ́ta péré ni gbogbo làálàá yẹn, iye tí ẹlòmíràn gbà lórí ihò kan ṣoṣo. Aránṣọ wo ló jẹ́ gba iye kan náà lórí fìlà àti agbádá? Láti oṣù yẹn, bí eyín tó fẹ́ dídí bá ti pé mẹ́ta, ó di UDA márùn-ún. Kó jẹ́ mẹ́ta, kó jẹ́ mẹ́wàá, márùn-ún náà ni. Lójú tèmi, ẹni tó kọ òfin yẹn ò tíì di irin gbígbẹ́ eyín mú rí.

Lẹ́yìn náà, di agbowó-orí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, iye tó kéré jù lórí UDA kan di £28. Lóṣù kan náà, owó tí àgbàlagbà ń san fún àyẹ̀wò di £26.80. Ìwọ lo máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò nínú owó rẹ. £1.20 ló kù tí ìjọba fi kún un. Aláìsàn á rò pé o ti là. Má là á lójú. Ọmọdé àti aboyún kì í san kọ́bọ̀, tiwọn ni ìjọba ń gbé tán.

Ẹni tí ẹ jọ dá ọjọ́ tí kò yọjú ńkọ́? O ò gbọdọ̀ bu owó ìtanràn lé e. Jókòó ti àga òfìfo, san owó nọ́ọ̀sì.

Nígbà tó bá di ìparí oṣù Kẹta, wọ́n á ka UDA rẹ. Bí kò bá tó 96% ohun tí o ṣèlérí, wọ́n á gba owó padà, èyí tí o ti ná. Ìyá oníhò mẹ́fà ló jẹ àkókò rẹ, àmọ́ kò síbi tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí.

Oníbàárà ò ní í wọ́n ọ. Ní St Pauls, Bristol, lóṣù Kejì ọdún 2024, ilé ìtọ́jú eyín kan ní òun ń gba aláìsàn NHS tuntun. Èrò tò gba òpópónà kọjá, ọlọ́pàá wá ń ṣètò wọn. Ìwọ náà ṣílẹ̀kùn, má sì bi ẹnikẹ́ni pé ìgbà wo ló rí dókítà eyín gbẹ̀yìn. Ọlọ́gbọ́n ló ń béèrè ìyẹn.