“Ó Máa Wọlé, Alàájì”: Ìyá Àgbà Dá Àwọn Tí Pààtì Ń Dà Láàmú Lóhùn

Lẹ́tà mẹ́ta ló dé ọ̀dọ̀ mi lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ pààtì ẹ̀rọ sì ni gbogbo wọn. Kò yà mí lẹ́nu. Ọjà pààtì Ládípọ̀ sún mọ́ àwa ará Ìdí-Àràbà jù. Ohun tó bá sì sún mọ́ni, a kì í fara balẹ̀ rà á.

*Ìyá Àgbà, ẹ gbà mí. Camry Muscle ni mo fi ń ṣe Uber. Alternator rẹ̀ kú, mo bá lọ ra tòkúnbọ̀ ní Ládípọ̀. Ọlọ́jà ní, “Muscle ni Muscle ń jẹ́, Alàájì, ó máa wọlé.” Ihò bóòtù kò ṣe déédéé, ẹnu wáyà kò wọ ara wọn. Mẹkáníìkì wá ní kí n jẹ́ kí òun lu ihò tuntun. Ṣé kí n gbà?*
*Oní-Muscle, Ọ̀nà Ìṣàgá*

Ọmọ mi, bí o bá fi lè jẹ́ kó lu ihò yẹn, o ti fi mẹkáníìkì ṣe ẹbí nìyẹn. Oṣooṣù ni yóò máa wá kí ọ, kò sì ní wá lọ́wọ́ òfo: ìwé owó iṣẹ́ ni yóò máa mú bọ̀.

Toyota kọ́ ló sọ ọkọ̀ rẹ ní Muscle, àwa níbí ni. Camry tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 2007 dé 2011 là ń pè bẹ́ẹ̀. Ara wọn jọra gan-an, inú wọn ló yàtọ̀. Láti 2007 dé 2009, ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 ló wà nínú oní-plug mẹ́rin. Nígbà tó di ti 2010, wọ́n yí i padà sí lítà 2.5. Ti V6, lítà 3.5, tún dá dúró lọ́tọ̀. Èwo ni ọlọ́jà rẹ ń pè ní Muscle nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Lọ wo nọ́ńbà ṣáàsí rẹ lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá ọ̀dọ̀ dírẹ́bà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló jẹ́. Kà á dé ìkẹwàá: 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Lẹ́yìn náà, gbé òkú alternator yẹn dání padà sí Ládípọ̀, má tijú. Tò ó ti èyí tí ọlọ́jà bá gbé wá lórí kàǹtà: ka ihò bóòtù, ka ojú ọ̀nà bẹ́líìtì tó wà lára púlì, wo ẹnu wáyà, fi nọ́ńbà ara èyí wé ti èkejì. Bí ọlọ́jà bá tún sọ pé ó máa wọlé, san owó kẹ̀kẹ́ fún un kó bá ọ dé ìdí ọkọ̀, kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ tì í wọlé. Bó bá ní òun kò lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, o ti gbọ́ ìdáhùn.

*Ẹ kúuṣẹ́, Mà. Mo ta jẹnẹrétọ̀ kékeré “I Better Pass My Neighbour” mi, mo ra jẹnẹrétọ̀ ńlá. Mo ṣì ń po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróò bí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Èéfín ti bo gbogbo ilé, plug sì ń kú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń tún un ṣe ní kí n wá plug tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.*
*Ìyá Ìbejì, ẹ̀yìn LUTH*

Ìyá Ìbejì, jẹnẹrétọ̀ yín kò ṣàìsàn rárá, oúnjẹ ẹlòmíràn lẹ ń fún un. Two-stroke ni kékeré yẹn. Kò níbi tó ń tọ́jú ọ́ìlì sí, ìdí nìyẹn tí a fi ń pò ó mọ́ epo rẹ̀. Bí ńlá yìí bá ní ojú ibi tí wọ́n ti ń bu ọ́ìlì sí i lọ́tọ̀, four-stroke ni. Epo lásán ni kí ẹ máa bù sínú táńkì rẹ̀. Plug tó bá gùn ju ìwọ̀n tirẹ̀ lọ lè máa gbá orí písítìnì. Ẹ fi èyí tó gùn yẹn ta aládùúgbò tó ń wá gba iná fóònù lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́rẹ, kó lè panu mọ́ nípa èéfín.

Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ náà síta gbangba o. Gáàsì kan wà nínú èéfín yẹn tí kò ní òórùn, tó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Lóòótọ́ ni ilé ìwòsàn LUTH wà nítòsí ilé yín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn ti tó wọn.

*Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n mi ní Houston ń to ìbọn eré paintball, èyí tó ń yin ọ̀dà, jọ fúnra rẹ̀. Autococker ni. Ó ra férémù lọ́tọ̀, ó ra trigger lọ́tọ̀, wọn kò bára mu. Ó fẹ́ fi dọ́là ránṣẹ́ kí n bá òun wá ẹni tó máa fi fáìlì rẹ́ ẹ ní Ládípọ̀.*
*Àbúrò Tó Ń Retí, Ìtìrẹ́*

Kọ́kọ́ gba dọ́là. Lẹ́yìn náà, sọ fún un pé oríṣi férémù méjì ni Autococker máa ń lò. Trigger ti slide ń lọ tààrà sẹ́yìn. Ti hinge rọ̀ mọ́ píìnì, ó ń fì bí ilẹ̀kùn. Èyí kò lè ṣiṣẹ́ nínú tọ̀hún, bó ti wù kí fáìlì mú tó. Iṣẹ́ méjì sì ni trigger yẹn ń ṣe tẹ̀léra wọn: á tú òòlù sílẹ̀ kí ọ̀dà jáde, á wá ti fáàfù kékeré kí afẹ́fẹ́ lè fa òòlù padà. Bí ẹ bá rẹ́ ẹ ju bó ti yẹ lọ, iṣẹ́ kejì lè ṣáájú èkíní.

Ṣùgbọ́n tù ú nínú. Lọ́dún 1981, nígbà tí ọkùnrin 12 kọ́kọ́ ṣe eré paintball nínú igbó Henniker ní New Hampshire, ìbọn tí wọ́n fi ń sàmì sára igi àti màlúù ni wọ́n lò. Ritchie White ló borí, kò sì yìnbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Trigger tó kọ̀ṣẹ́ kò dí ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́wọ́ àtigbégbá orókè. Kó ṣáà má gbé e bọ̀ wálé ní Kérésì. Ohun tó bá ti jọ ìbọn ní Mushin níbí, kò sẹ́ni tó máa dúró béèrè bóyá ọ̀dà ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ gbé èyí tó bàjẹ́ dání lọ sọ́jà, ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀, ẹ má sì sanwó “ó máa wọlé” títí yóò fi wọlé.