Ẹ Jẹ́ N Sùn O, Ẹ̀yin Ará Ọ̀fà

Bí ẹ bá pàdé ọkùnrin kan lápá ọjà Owódé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, tó fi jígí dúdú bojú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í pé ṣé dáadáa ló jí. N kò jí. N kò tíì sùn ni. Ẹni tí kò sùn, kí ló fẹ́ jí?

Ilé ìwòsàn kan nílùú yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá wọṣẹ́ alẹ́, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo bá fa àwọn aláìsàn lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́, kí n tó forí lé ilé. Ilé ọ̀hún lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ṣùgbọ́n èmi àti oorun ò tíì gbá ara wa mú rárá tí ará àdúgbò fi ń là wá.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti jígí. Aago kan wà nínú ọpọlọ ẹ̀dá, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ojú wọlé ló ń sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́. Bí òkùnkùn bá ṣú, ọpọlọ á tú èròjà mẹlatónìn sínú ẹ̀jẹ̀, oorun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun ni. Bí mo bá wá fi ojú lásán rin inú oòrùn àárọ̀ Ọ̀fà délé, àgàgà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, aago yẹn á gbà pé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ìdí jígí nìyẹn. Kí làwọn èèyàn mi sọ? Wọ́n ní Apólò ti mú dókítà. (Dókítà ni gbogbo ẹni tó bá ti ń gún abẹ́rẹ́ ládùúgbò wa.) Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn kí n má baà wò wọ́n lójú. Àìsàn ojú tó ti Gánà gba orúkọ ní 1969, lọ́dún tí àwọn ará Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sórí òṣùpá, èmi ni wọ́n wá dì í rù.

Ó dáa, mo délé. Mo ti kan bùláńkẹ́ẹ̀tì dúdú mọ́ fèrèsé kí yàrá lè ṣókùnkùn. Ó ṣókùnkùn lóòótọ́, àmọ́ páànù orí ilé ti gbóná, iná ti lọ, fáànù ti dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, ara gbọ́dọ̀ rọlẹ̀, kó tutù díẹ̀, kí oorun tó wọ̀ ọ́ dáadáa. Mo wẹ omi tútù, mo tẹ́ ẹní sórí sìmẹ́ńtì, mo ki òwú bọ etí nítorí ẹ̀rọ ata Alhaja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, mo sì fa aṣọ funfun bora nítorí eṣinṣin.

Báyìí ni ìyá ìyàwó mi ṣe bá mi lọ́jọ́ kan. Wọ́n ti Ìgòsùn wá kí wa. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n rí mi gbalaja nílẹ̀, aṣọ funfun dé ọrùn, òwú létí ọ̀tún, òwú létí òsì. Ìnnálílláì tí màmá ké, wọ́n gbọ́ ọ lójú títì. Kí n tó yọ òwú tán, ẹnì kan ti ń béèrè ta ló máa lọ sọ fún Àáfà. Ìgbà tí mo wá dìde láti dọ̀bálẹ̀ fún wọn ló burú jù: màmá sá jáde, wọ́n sì fi bàtà kan sílẹ̀.

Bí Alhaja ò bá lọ ata, àwọn oníbípí á dé. “Dókítà, ẹ bá mi wo bípí mi, orí ń fọ́ mi.” Mo wò ó. Tiẹ̀ dára. Tèmi ni kò dára. Bó sì ṣe ń lọ, á ní, “Háà, ẹ ṣì ń sùn? Ẹ kú ìgbádùn o!” Ìgbádùn! Aago mẹ́wàá àárọ̀ tiyín, aago méjì òru tèmi ni. Bí mo bá lọ kan ilẹ̀kùn Alhaja láago méjì òru pé kí wọ́n bá mi lọ ata, ṣé ẹ ò ní ké olè?

Gbogbo èyí ò tó ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ń kọ rọ́sítà. Ní 2017, ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba ẹ̀bùn Nobel torí pé wọ́n tú àṣírí bí aago inú ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Ara kòkòrò tíntìntín tó máa ń bà lé èso ni wọ́n ti rí i. Kòkòrò láago o, nọ́ọ̀sì ni kò ní. Aago ọ̀pọ̀ èèyàn sì ju wákàtí 24 lọ díẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn fún ara láti pẹ́ kó tó sùn ju pé kó tètè sùn lọ. Bí iṣẹ́ bá máa yí, kó ti àárọ̀ bọ́ sí ọ̀sán, kó ti ọ̀sán bọ́ sí alẹ́. Tiwa ń fi ẹ̀yìn rìn ni: alẹ́, ọ̀sán, àárọ̀. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní bí àwọn ṣe bá a nìyẹn.

Ẹ má sì pe oorun tí mò ń wá yìí ní ìkẹ́ra. Láti 2007 ni ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka iṣẹ́ òru mọ́ ohun tó jọ pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Wọ́n tún un yẹ̀ wò ní 2019, wọn ò yọ ọ́. Àṣìṣe òru náà kì í ṣe ohun kékeré: òru ni gáàsì olóró tú jáde ní Bhopal ní Íńdíà ní 1984. Òru náà ni ìjàǹbá ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì ti Chernobyl, 26 oṣù kẹrin 1986, aago kan kọjá. Èmi, aago mẹ́rin ìdájí, nígbà tí ìpéǹpéjú ń lẹ̀ mọ́ra, ni mo ń gbé sírínjì sókè síná láti wò ó bóyá oògùn ọmọdé ò kọjá ìlà.

Àwọn ọlọ́dẹ ẹnu géètì ní kí n máa jẹ gbànja. Ó ń là mí lójú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí bíi márùn-ún, ìdajì káféènì rẹ̀ ṣì wà lára. Èyí tí mo bá jẹ ní ìdájí ló ń là mí lójú lórí ẹní láago mẹ́sàn-án. Mi ò jẹ ẹ́ mọ́ bí aago méjìlá òru bá ti lù. Mo sì máa ń rẹjú fún ogún ìṣẹ́jú kí n tó lọ síṣẹ́, bí ará àdúgbò bá gbà fún mi.

Oṣù ààwẹ̀ nìkan lara ń tù mí. Gbogbo ìlú á jí sí sààrì, oníwéré á ké, tó bá fi máa di ọ̀sán, gbogbo wọn á ti sùn lọ fọnfọn. Ẹ̀rọ Alhaja kì í dún títí di ìrọ̀lẹ́. Lóṣù yẹn, ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí lọ́lẹ.

Níwọ̀n bí ààwẹ̀ ò ti lè jẹ́ ọdún gbáko, mo lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn: ẹni tó bá wá wo bípí lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán, ọ̀fẹ́ ni; ẹni tó bá wá ṣáájú, owó ni. Alhaja ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, láago mọ́kànlá, pé kí n wá ka ohun tó wà lára bébà fún àwọn. Mo kà á. Wọ́n ní kò burú, àwọn á san tàwọn, ṣùgbọ́n kò sówó lọ́wọ́. Kí n gbé ata mi wá, àwọn á bá mi lọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àní àwọn á lọ tan ẹ̀rọ báyìí-báyìí.