"Ẹrú Mi" Lẹ́nu Ọ̀gá Zone du Bois

Èmi kì í ṣe olófòófó, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí mo bá pa ti Zone du Bois yìí mọ́nú, inú mi á wú. Àdúgbò àwọn olówó ni Zone du Bois ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, lápá ibi tí igbó Bangr-Weogo wà, àdúgbò ògiri gíga àti òdòdó. Ọmọ Yorùbá kan ń gbé ibẹ̀, ẹni tó rí jájẹ, tí wọn kì í ṣe àríyá kí wọ́n má fi í síjòkòó iwájú. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Mẹ́gáàdì ẹ̀, bàbá ẹ̀yà Mossi kan tí irun ẹ̀ ti funfun, ní ọ̀rẹ́ kan, ọkùnrin ẹ̀yà San tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta búrẹ́dì. Bí oníbúrẹ́dì bá ti yọ láàárọ̀, bàbá á ké mọ́ ọn pé, "Ẹrú mi, ibo lo sùn sí?" Tọ̀hún á ní, "Ta lẹrú? Ìwọ tí àwọn baba mi fi ọ̀kà rà!" Wọn á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, bàbá á sì ra búrẹ́dì. Rakiré ni wọ́n ń pè é. Mossi àti San, Bobo àti Fúlàní, Bissa àti Gurunsi, wọ́n jogún ẹ̀tọ́ láti máa bú ara wọn, ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Kódà níbi òkú, ẹni tí wọ́n ń bá ṣe rakiré lè máa sín olóògbé jẹ kí àwọn tó ń sunkún lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èébú ọ̀hún ní ààlà. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n lè bú, wọ́n mọ ẹni tí wọn ò gbọdọ̀ fẹnu kàn.

Ọ̀gá wa gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, ó dùn mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, bàbá ò tètè ṣí géètì, ni ọ̀gá bá yọrí nínú ọkọ̀: "Ẹrú mi, ṣé oorun lò ń sùn?" Háà! Ọmọ Yorùbá! Sí ẹni tó lè bí i! Bàbá ò fèsì. Ó ti géètì, ó padà sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀.

Ẹ máa sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Nígbà tí kò sẹ́ni tó bá a wí, ó sọ ọ́ di ìkíni àárọ̀. Kò pẹ́ tí owó oṣù bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, tí ìsinmi ọjọ́ Sunday di ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ta ní ń sanwó fún ẹrú? Ẹnu ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ọkàn wá gbà á gbọ́.

Ibi tó dùn kù o. Bàbá ìyàwó ọ̀gá wá kí wọn láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ooru mú, bàbá àgbà jáde lọ gba atẹ́gùn lórí bẹ́ǹṣì mẹ́gáàdì. Ọmọ wọn obìnrin, tí kò tíì tó ilé ìwé, dúró níwájú àwọn méjèèjì, ó na ẹsẹ̀: "Ẹ̀yin ẹrú, ẹ bá mi so bàtà mi." Ó kúkú fi "ẹ̀yin" sí i, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́! Ìyá ẹ̀ wá ilẹ̀ tó máa wọ̀, kò rí. Kí lọkọ wí? Ó ní eré ni, ẹ̀fẹ̀ àwọn ará ìlú ni.

Àdàpè olè, ọmọ ń fẹ́wọ́. Ní ìlú tí wọ́n ti fojú rí ohun tí àdàpè lè ṣe! Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1984, Thomas Sankara, ààrẹ wọn nígbà náà, gba orúkọ Haute-Volta tí Faransé fún wọn lọ́wọ́ wọn, ó sọ wọ́n ní Burkina Faso, ilẹ̀ àwọn olódodo. Orúkọ a máa roni, ó sì fẹ́ kó ro wọ́n. Mi ò gbè é o: nínú ìpàdé ìjọba ẹ̀ náà, òwìwí àti ọ̀gà ni wọ́n ń pe àwọn ọ̀tá wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1987, wọ́n yìnbọn pa òun àti àwọn méjìlá mìíràn. Blaise Compaoré, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó gbàjọba, pe ìjọba tuntun ní "àtúnṣe". Ní oṣù Kìíní ọdún 1988, wọ́n kọ ìwé ẹ̀rí ikú Sankara, wọ́n ní ikú àtọ̀runwá ni. Ọta ìbọn àtọ̀runwá! Ọdún 2008 ni wọ́n tó yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò nínú ìwé. Ní 2022 nilé ẹjọ́ ológun tó dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Compaoré, tí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀, pé ó lọ́wọ́ nínú ìpànìyàn.

Àwa náà ń dà á pè nílé. À ń pe ejò ní okùn ilẹ̀ lóru, à ń sọ pé ọba wàjà. Àmọ́ kò sí ọmọdé tó máa gbọ́ "okùn ilẹ̀" tí kò ní gbẹ́sẹ̀ sókè. Àdàpè tiwa ń kìlọ̀ fúnni. Tiwọn ń sin òkú pamọ́, ti ọ̀gá wa sì ń jẹ owó oṣù bàbá.

Mo ti ní mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohun tí ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ń gbèrò fún ìdìbò tó ń bọ̀. Ẹ mọ ipò tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀gá yìí sí? Alukoro! Wọ́n ní ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu ẹ̀.